Orí Kẹrin Wà Nínú Kọ́bọ́ọ̀dù

Ẹ̀rí-Dà ni àwọn ọmọ ilé ìwé ń pè é lẹ́yìn. Lójú rẹ̀, "mà" ni. Tíṣà físíìsì ni, obìnrin gíga kan tó gbẹ, tí kì í wọ ohun tó ń dán. Bí ọmọ kan bá dìde ní kíláàsì tó ní ayé ń yí po oòrùn, yóò wo ọmọ náà títí ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò fi máa wá ibi tí yóò dúró sí, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ̀rí dà?" Ọmọ á ní inú ìwé ló wà. "Inú ìwé. Ìwé náà ti dé oòrùn rí?" Kíláàsì á bú sẹ́rìn-ín, ọmọ á jókòó. Àwọn tó jókòó báyẹn ti dàgbà, àwọn mìíràn ti bímọ, wọn ò tíì gbàgbé.

Ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn ni láàbù rẹ̀ wà. Bèsíìnì ìfọwọ́ kan wà ní igun, ó ti sán, ẹ̀rọ omi orí rẹ̀ kì í dákẹ́ kíkán. Wọ́n ti fi ìṣó kan ọ̀kan nínú àwọn fèrèsé pa. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́ọ̀dù ni kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan dúró sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lápò Ẹ̀rí-Dà. Àlejò á rò pé irinṣẹ́ olówó iyebíye ló tì pa síbẹ̀. Ìwé ni. Kì í ṣe ìwé kíláàsì o. Ìwé tí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kọ bí ẹni ń pìtàn, fún ẹnikẹ́ni tó bá ṣáà ti lè kàwé: ìdí tí ojú ọ̀run fi dúdú lálẹ́, bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń rìn, ohun tó kù nínú òkúta tí a bá fọ́ ọ títí tí kò ṣeé fọ́ mọ́.

"Ìwé kíláàsì ń sọ ohun tí a mọ̀ fún yín," ó máa ń wí. "Ìwé tèmi ń sọ bí a ṣe mọ̀ ọ́n. Ẹni tó bá ka ti kíláàsì nìkan, ayékòótọ́ ni."

Ìwé ò pọ̀, ọmọ pọ̀. Ohun tí Ẹ̀rí-Dà wá ṣe sí i, kò sí tíṣà mìíràn tó ń ṣe é. Ó ń gé ìwé. Á tẹ́ ìwé tuntun sórí tábìlì, á fi rúlà tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀, á fi bíléèdì là á ní orí-orí, á fi páálí ṣe èèpo fún orí kọ̀ọ̀kan, á sì fi òwú gán an pọ̀. Ìwé kan á di mẹ́wàá, ọmọ mẹ́wàá á máa kà á lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ tí ọ̀gá ilé ìwé kọ́kọ́ ká a mọ́ ìdí iṣẹ́ yìí, ó figbe ta.

"Mà! Ẹ ń pa ìwé!"

"Mo ń gbẹ̀bí rẹ̀ ni, sà. Ẹ wo àwọn ọmọ rẹ̀."

Kì í fún ọmọ ní ohun tí ọmọ bá béèrè. Bí dókítà ṣe ń kọ oògùn ló ṣe ń kọ ìwé fún wọn. Ẹni tó bá ń sá fún ìṣirò, á fún un ní orí tó sọ bí wọ́n ṣe fi òjìji ọ̀pá wá bí ayé ṣe tóbi tó. Eléré bọ́ọ̀lù á gba èyí tó sọ ìdí tí bọ́ọ̀lù tó ń yí fi máa ń yà bàrá lójú ọ̀run. Ọmọ akọrin á gba èyí tó dá lórí ìró. Agbéraga á gba èyí tó kún fún àwọn ọ̀mọ̀wé tó ṣi nǹkan mú. "Gbé èyí mì," á wí, "kó o lè rọlẹ̀." Ó sì máa ń bá wọn mu. Ìyẹn gan-an ló ń dun àwọn tó kórìíra rẹ̀. Obìnrin náà mọ̀ wọ́n.

Ẹni tó bá ka orí kan tán, ẹ̀gbẹ́ bèsíìnì ni yóò dúró sí láti fẹnu sọ ọ́, láìsí ìwé lọ́wọ́. "Gbójú sókè. Má mira." Omi á máa kán lẹ́yìn rẹ̀. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni tíṣà á máa dá a dúró: Ẹ̀rí dà? Ta ló wọ̀n ọ́n? Kí ló fi wọ̀n ọ́n? Ẹni tó bá yege á gba orí tó kàn. Ẹni tó bá kọsẹ̀ á gbé èyí tó mú wá padà lọ sílé. Àwọn kan máa ń sunkún. Á jẹ́ kí wọ́n sunkún tán, á wá ní kí wọ́n máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ.

Wọn ò bí i bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní yunifásítì, òun náà ń retí àtidi ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọ̀gá kan pè é síwájú gbogbo kíláàsì, ó bi í ní ìbéèrè, ó sì dáhùn láìfi kọ́mà kan sílẹ̀. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "O há a sórí dáadáa," ó ní. "Wàá ṣe tíṣà." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó ṣe tíṣà. Láti ìgbà náà ló ti ń san ẹ̀rín yẹn padà díẹ̀díẹ̀, fún àwọn tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀.

Láàárín gbogbo àwọn ọmọ, ẹyọ kan ṣoṣo ló wọ̀ ọ́ lójú. Ọmọbìnrin kan ni, ìyá rẹ̀ ń ránṣọ ní ṣọ́ọ̀bù kótópó kan lẹ́yìn ilé epo, Ọmọ Télọ̀ sì ni wọ́n ń pè é. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Kò sí ọjọ́ tí òwú kì í lẹ̀ mọ́ etí síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ti dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèsíìnì, ohùn rẹ̀ á yí padà, á máa sọ ọ́ bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀. Nígbà mìíràn Ẹ̀rí-Dà á gbàgbé láti dá a dúró. Ìyẹn ò tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ nígbà èwe nínú ohùn ọmọ náà, ohùn tí kì í fi kọ́mà kan sílẹ̀.

"Ó ń há a sórí ni," ó sọ fún ara rẹ̀. "Èmi ni mo máa gba ìwà yẹn lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó wá yan ìwé tó dá lórí ìmọ́lẹ̀ fún un bí oògùn. Orí kìíní àti ìkejì lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Orí kẹta ni ìdẹkùn. Ẹni tó kọ ìwé náà gbọ́n féfé. Ní orí kẹta, ó sọ ìgbàgbọ́ àwọn ọ̀mọ̀wé àtijọ́ bí ẹni pé òun náà gbà á gbọ́. Ìró ń gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Ìgbì ń gba inú omi kọjá. Ìmọ́lẹ̀ náà ò ṣáà lè máa rìn nínú òfo. Nítorí náà òkun kan wà tí ojú kò rí, ó kún gbogbo òfuurufú, ó fúyẹ́ ju èémí lọ, inú rẹ̀ ni oòrùn àti àwọn ìràwọ̀ ti ń lúwẹ̀ẹ́. Ó dùn ún kà. Kò sí gbólóhùn kan níbẹ̀ tó sọ pé ìgbàgbọ́ náà ti kú. Inú orí kẹrin ni àwọn kan ti jáde lọ wá òkun náà, tí wọ́n wá a títí, tí wọn ò rí nǹkan kan.

Ẹni tó bá ní odindi ìwé kò lè ṣìnà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí odindi ìwé kankan ní láàbù yẹn.

Ọmọ Télọ̀ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèsíìnì, ó sọ orí kẹta. Kò tíì sọ nǹkan dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Tíṣà ń retí ìbéèrè kan ṣoṣo, èyí tí òun fi ń pa àwọn ọmọ lẹ́kún. Ó fẹ́ kí ọmọ náà bi ìwé léèrè pé ẹ̀rí dà. Ọmọ náà ò bi í.

"O gbà á gbọ́?"

"Mo gbà á gbọ́, mà."

"Kí ló dé?"

"Ẹ̀yin lẹ fún mi, mà."

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yẹn rọ̀ ọ́ lọ́kàn. Ńṣe ló bí i nínú. "Lọ tún un kà," ó wí. "Orí kẹrin wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kò ní sá lọ."

Ọmọ náà tún un kà. Ó padà wá, ó tún sọ ọ́, ó dùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Lọ tún un kà."

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí ọ̀gá ilé ìwé kéde pé àwọn olùyẹ̀wò ń bọ̀ láti kọ́lẹ́ẹ̀jì sáyẹ́ǹsì. Ọmọ kan péré ni wọ́n ń mú ní ilé ìwé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tí wọ́n bá mú, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á tì í dé yunifásítì. Ẹni tí wọn ò bá mú á lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ní ti Ọmọ Télọ̀, nǹkan mìíràn náà ti wà nílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti ra maṣíìnì kejì, wọ́n ti fi aṣọ bò ó, àga ti wà nídìí rẹ̀.

Ọmọ méjì ló kù tí wọ́n máa yẹ̀ wò. Èkejì ni Odindi. Ọmọ dókítà ni. Nígbà tí bàbá rẹ̀ gbọ́ pé tíṣà kan ń gé ìwé, ó lọ ra gbogbo wọn fún un ní tuntun, pẹ̀lú èèpo tó ń kọ mànà, ọmọ náà sì ń há wọn sábẹ́ abíyá káàkiri. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fún un lórúkọ. Ẹ̀rí-Dà kì í fojúure wò ó.

"Ó ní odindi ìwé," ó sọ ọ́ létí gbogbo kíláàsì, "kò ní ìdajì ọpọlọ."

Odindi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ tí inú rẹ̀ mọ́ ni. Kò ṣòro láti fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Àárọ̀ ọjọ́ àyẹ̀wò, kí agogo tó lù, Ọmọ Télọ̀ wọ láàbù. Ìyá rẹ̀ ti lọ yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀, ó le gán-ún-gán-ún.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, mà, orí kẹrin. Kí n kàn fojú gán-án-ní ẹ̀."

Ẹ̀rí-Dà yọ kọ́kọ́rọ́. Ó ti kì í bọ ihò tán kó tó yíjú padà.

"Orí kẹta ńkọ́?"

"Ó yé mi, mà."

"Ó yé ẹ?"

"Ó yé mi dáadáa, mà."

Ó fa kọ́kọ́rọ́ náà yọ, ó dá a padà sápò. Ó rò ó pé kò séwu. Lẹ́ńsì ni wọ́n máa ń béèrè, àti agbára, àti iná mànàmáná, ọmọ náà sì mọ gbogbo ìyẹn bí ẹni mọ̀nà ilé. Orí kẹrin lè dúró di ọ̀la. Ó tún rò ó, níbi tí èèyàn ti ń ro ohun tí kò ní jẹ́wọ́, pé ẹ̀rù díẹ̀ á ṣe ọmọ náà lóore.

"Ohun tó bá ti yé ẹ," ó wí, "mú un lọ bẹ́ẹ̀."

Ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé ni wọ́n lò. Obìnrin kan jókòó síbẹ̀ tó fi okùn so awò ojú rẹ̀ mọ́ ọrùn, ọkùnrin kan tó kéré sí i ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò dẹ́kun à ń tẹ ìdí báírò. Wọ́n fún tíṣà físíìsì ní àga lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Ó lè gbọ́, kò gbọdọ̀ dá sí i. Wọ́n béèrè lẹ́ńsì, Ọmọ Télọ̀ dáhùn. Wọ́n béèrè agbára, ó dáhùn. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò lórí iná mànàmáná, báírò ti dákẹ́. Obìnrin náà yọ awò ojú rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí i.

"O káre. Ó ku ẹyọ kan. Sọ nǹkan kan fún wa tó o kà fúnra ẹ, tí kò sí nínú ìwé kíláàsì."

Ojú ọmọ náà là. Lẹ́yìn níbẹ̀, Ẹ̀rí-Dà di etí àga rẹ̀ mú.

Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Ó ní òkun kan wà tí ojú kò rí. Ó fi ọwọ́ méjèèjì júwe bí àwọn ìràwọ̀ ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Ó ní bí wọ́n ṣe jókòó sí ọ́fíìsì yìí, òkun náà ń gba àárín ìka wọn kọjá. Ọkùnrin náà wo obìnrin náà. Ó fọwọ́ bo ẹnu, ẹ̀rín sì gba àárín ìka rẹ̀ jáde.

"Ọmọ mi, ayé ìgbà wo lo wà?" ó wí. "Àwọn tó bí bàbá-bàbá wa ló gba ìyẹn gbọ́. Wọ́n ti sin ín tipẹ́."

"Ó wà nínú ìwé, sà."

"Ìwé wo?"

Ó fa orí kẹta yọ nínú báàgì. Páálí àti òwú. Kò sí orúkọ ìwé, kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́. Ọkùnrin náà fi ìka méjì gbé e bí ẹni tó gbé òkú eku.

"Ta ló gé ìwé báyìí?"

Ọmọ náà kò wẹ̀yìn. "Bí mo ṣe bá a nìyẹn, sà."

Obìnrin náà gbójú kọjá lórí rẹ̀. "Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ ní nǹkan yìí?"

Ẹ̀rí-Dà dìde. Gbólóhùn kan ló tó. Èmi ni mo gé e, ìyókù wà lọ́wọ́ mi, ẹ jẹ́ kó lọ kà á. Ọ̀rọ̀ náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó wo báírò tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó wo ẹ̀rín tí kò tíì kúrò ní ètè rẹ̀. Ó mọ ẹ̀rín yẹn. Ó ti dúró níwájú rẹ̀ rí, kò sì fẹ́ dúró níwájú rẹ̀ mọ́.

"Ohun tó wà nínú ìwé kíláàsì ni mo kọ́ ọ, mà," ó wí. "Ẹ̀yin náà gbọ́ ọ bó ṣe dáhùn."

Òótọ́ ni. Kò sí ẹyọ irọ́ kan níbẹ̀. Ó jókòó.

Odindi ló wọlé tẹ̀ lé e. Wọ́n bi í ní lẹ́ńsì, ó ṣì í. Wọ́n bi í ní agbára, ó gba ìdajì. Nígbà tí wọ́n ní kó sọ ohun tó kà fúnra rẹ̀, ó nu òógùn ojú, ó ní ìwé kan sọ pé àwọn kan rò pé òkun kan wà tí ojú ò rí, wọ́n wá a, wọn ò bá a níbẹ̀, òun ò sì mọ ìdí tí wọ́n fi ń pariwo lé e lórí. Àwọn olùyẹ̀wò wo ara wọn.

"Èyí tiẹ̀ ka ìwé rẹ̀ parí," ni ọkùnrin náà wí.

Òun ni wọ́n mú.

Kí ọjọ́ tó rọ̀, gbogbo ilé ìwé ti gbọ́. Nídìí ẹ̀rọ omi, bí Ọmọ Télọ̀ bá ń kọjá, àwọn ọmọ á máa fọwọ́ lúwẹ̀ẹ́ nínú afẹ́fẹ́. "Ẹ rọra o, ẹ má rì!" "Ọmọ Télọ̀, aṣọ ẹ ti gbẹ?" Ọmọ akọrin tí Ẹ̀rí-Dà fún ní orí tó dá lórí ìró ti fi ọ̀rọ̀ náà kọrin, orin náà sì dùn. Ní kíláàsì físíìsì, ẹnì kan na ọwọ́ sókè bí ọmọlúàbí.

"Mà, ẹ jọ̀ọ́, òkun náà jìn?"

Gbogbo wọn wo tíṣà. Ó lè pa wọ́n lẹ́nu mọ́ pẹ̀lú ojú lásán, ohun tó sì mọ̀ ọ́n ṣe jù nìyẹn. Ó kọjú sí bọ́ọ̀dù, ó ń kọ̀wé lọ. Ẹ̀rín náà dà lé ọmọ náà lórí láti ọwọ́ ọ̀tún àti ọwọ́ òsì. Ó gbójú sókè. Kò mira.

Lọ́jọ́ kejì, àga rẹ̀ ṣófo.

Sáà ti parí kí Ẹ̀rí-Dà tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn ilé epo. Orí kẹrin wà lọ́wọ́ rẹ̀ nínú àpòòwé. Ṣọ́ọ̀bù náà kò ju yàrá kan lọ, àjákù aṣọ wà nílẹ̀ káàkiri, dígí kan wà níbẹ̀ tó ti ya láti òkè délẹ̀. Lára ògiri, wọ́n so àwọn bébà tí wọ́n fi ń gé aṣọ rọ̀, ti ọrùn lọ́tọ̀, ti apá lọ́tọ̀, ti àyà lọ́tọ̀, bí èèyàn tí wọ́n tú palẹ̀. Wọ́n ti ká aṣọ kúrò lórí maṣíìnì kejì. Ọmọ náà ló wà nídìí rẹ̀.

Ìyá télọ̀ dìde fùú, ó fi aṣọ nu àga.

"Ẹ káàbọ̀, mà! Ẹ jókòó. Ẹ ṣé gan-an lórí ọmọ yìí. Gbogbo èèyàn ló ń sọ fún mi bẹ́ ẹ ṣe ṣe wàhálà tó. Òun ló ya olódo."

"Màmá..."

"Ẹ má gbèjà ẹ̀, mà. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ ìwé, ó lọ ń pàlọ́ fún wọn! Òkun, ìràwọ̀! Mo ní, ìwọ tó ò ń wọ bàtà àlòkù ẹ̀gbọ́n ẹ, kí lo wá lọ sókun? Ẹni tó ní tíṣà bíi tiyín, tó tún wá jábọ́. Kó kúkú jókòó ti maṣíìnì."

Maṣíìnì ọmọ náà kò dúró. Ẹ̀rí-Dà la ẹnu.

"Ẹ má bínú sí i," ni ohun tó jáde níbẹ̀, bí ẹni pé ọmọ náà ló ṣẹ̀.

"Kí n tiẹ̀ sáré lọ ra bọ́tìnì lódìkejì, mà. Mò ń bọ̀."

Nígbà tó jáde tán, Ẹ̀rí-Dà fa ìwé náà yọ, ó gbé e sórí aṣọ tí ọmọ náà ń rán.

"Orí kẹrin nìyí."

Maṣíìnì dúró. "Ẹ ṣé, mà."

"Mo ti fẹ́ fún ẹ tẹ́lẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mo fẹ́ fún ẹ."

Ọmọ náà gbójú sókè. Kò bínú. Ó wò ó bí èèyàn ṣe ń wo aṣọ láti mọ̀ bóyá ó máa tó.

"Ẹ̀rí dà, mà?"

Ìbéèrè náà dé. Èyí tó ti ń dúró dè láti orí kẹta, èyí tó tìtorí rẹ̀ ti kọ́bọ́ọ̀dù pa. Ó wo àyíká bí ẹni tó ń wá bèsíìnì.

"Ìbéèrè yẹn ni mo ń retí," ó wí, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ká ní o béèrè ẹ̀ nígbà yẹn ni..."

"Mo mọ̀, mà. Odindi yá mi ní ìwé ẹ̀ kó tó lọ. Mo ti kà á tán." Ó mú orí kẹrin, ó ja òwú rẹ̀, ó bọ́ páálí kúrò, ó fi ìka wo bí bébà náà ṣe nípọn tó. "Bébà yìí le ju tiwa lọ. Á dáa láti fi gé kọ́là."

Ó tẹ́ ojú ìwé kan sórí tábìlì. Ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà roboto kan kọjá níbi tí àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń wá òkun náà tí wọn ò rí i, ó sì fa àlùmọ́gàjí sọ́dọ̀. Ó gé e mọ́ ju bíléèdì lọ. Ẹ̀rí-Dà dúró, ó ń wò ó. Ẹnu rẹ̀ ò gbà á láti sọ pé ẹnì kan ń pa ìwé.

Ìyá télọ̀ wọlé, bọ́tìnì wà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ó rí tíṣà lórí ìdúró, ó rí bébà tuntun tí wọ́n gé.

"Áà, ẹ fẹ́ ránṣọ ni, mà? Ẹ ò wí!"

Ẹ̀rí-Dà wo ilẹ̀kùn. "Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. "Bùláòsì."

"Ìwọ, dìde, lọ wọn tíṣà ẹ. Ó kéré tán, ìyẹn lo lè ṣe fún wọn."

Ọmọ náà dìde. Ó fi téépù wọn èjìká rẹ̀, ó wọn apá rẹ̀, kò kọ nǹkan kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó mú kọ́là bébà náà, ó fi yí i lọ́rùn láti wò ó bóyá ó bá a mu. Etí bébà náà mú. Ó bá a mu.

"Ẹ gbójú sókè, mà."

Ẹ̀rí-Dà gbójú sókè.

"Ẹ má mira."